Ìwé Wo La Ó Ṣí Kí A Tó Gé Jíà? Ohun Tí Mo Kọ́ ní Bajulaiye

Láàárín sáà yìí nìkan, ọmọ 200 level mẹ́ta ló ti bi mí pé ìwé wo ni kí àwọn rà tí yóò kọ́ àwọn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, pàápàá jíà gígé. Mo dá ẹni àkọ́kọ́ lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé kó ra Shigley. Mo ní kí ẹnì kejì ra Khurmi. Nígbà tí ẹnì kẹta dé, mo rántí ohun tí ojú mi rí lẹ́nu SIWES, mo sì ní kó fà àga kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, mo kàn fi ìṣirò kún un ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹsẹ̀ rìn ní Bajulaiye mọ bó ṣe rí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni a mọ Ṣómólú mọ́. Láti òwúrọ̀ ni ariwo ẹ̀rọ ti ń dún láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù: ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, pósítà olóṣèlú. Tòkúńbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Heidelberg Kord wà níbẹ̀, GTO wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìgéwèé tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa náà sì wà níbẹ̀. Bí eyín jíà bá kán nínú irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ín kì í kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ọ̀dọ̀ tọ́nà ló ń gbé e lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà láàárín kíláàsì àti ṣọ́ọ̀bù. Nínú ìdánwò wa, ìbéèrè á ti sọ fún ọ pé module jíà náà jẹ́ 4, eyín rẹ̀ jẹ́ 24, kí o ṣírò ìyókù. Tọ́nà kì í rí ìyàwòrán, kò sì sẹ́ni tó máa sọ module fún un. Jíà tó kán nínú ọ̀rá ni wọ́n ń gbé wá bá a, pẹ̀lú ojú oníbàárà tí kò balẹ̀. Module yẹn gan-an ni ìbéèrè. Ìwé tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí module ti di mímọ̀ kò tíì ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, bó ti wù kí ìwé náà gbajúmọ̀ tó.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ṣe IT kò ju yàrá méjì lọ: léètì méjì, ẹ̀rọ mílíǹgì kan, ẹ̀rọ ìpọ́nrin kan, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń gba orúkọ burúkú lójoojúmọ́. Ẹnjiníà ni ọ̀gá mi ń pè mí. Kì í ṣe pé mo mọ nǹkan kan o, ó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan tó ní ilé ìtẹ̀wé wọlé wá pẹ̀lú jíà ẹ̀rọ ìgéwèé rẹ̀. Eyín mẹ́rin ti kán lára rẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú wà nílẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ tán tí wọn ò tíì gé etí rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì sì ni àìsùn òkú. Ọ̀gá mi ń lọ sí Òwódé Onírin láti ra irin, ó ní kí n wọn jíà náà kí òun tó dé.

Mo ka eyín, mo ka àyè àwọn tó kán mọ́ ọn, ó jẹ́ 36. Mo fi kálípà wọn ìbú rẹ̀ láti orí eyín kan dé orí èyí tó kọjú sí i, ó jẹ́ 96.2 mílímítà. Wọ́n ti kọ́ wa pé bí a bá fi 2 kún iye eyín, tí a sì fi module sọ ọ́ di púpọ̀, ìbú ìta jíà la ó rí. Mo pín 96.2 sí ọ̀nà 38, mo rí 2.53. Kò sí module 2.53 nínú ìwé tí mo mọ̀, 2.5 ló wà. Mo ní ìyókù yẹn kò tó nǹkan, jíà ti jẹ ni, mo kọ 2.5 sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní, “Ó dá mi lójú, sà.”

Ẹ wo ohun tí mo fò dá. Jíà module 2.5 tó ní eyín 36 gbọ́dọ̀ jẹ́ 95 mílímítà ní tuntun. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi fi 1.2 mílímítà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tó bá jẹ ń kéré sí i ni, kì í tóbi. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ì bá rí i bí kò bá ní fọ́múlà lórí tó ń yá a lára láti lò.

Ọ̀gá gé jíà náà. A gbé e wọ inú ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú. Bí a ti yí i lẹ́ẹ̀kan, ó han bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nígbà tó fi máa yí dé ìdajì, ó há. Ìyá náà kó ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó sanwó ìgéwèé fún ẹni yẹn, ọ̀gá mi sì ru owó irin àti ọjọ́ méjì iṣẹ́. Kò bá mi wí lójú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ó kàn wọ inú lọ́, ó gbé ìwé kan tí epo ti sọ di dúdú wá síwájú mi, ó ní, “Ẹnjiníà, ṣé wọn ò fi eléyìí hàn yín ní Àkọkà ni?”

Machinery's Handbook ni. Industrial Press ní New York ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1914, Erik Oberg àti Franklin Jones ló sì ṣètò rẹ̀. Ìtẹ̀jáde kọkànlélọ́gbọ̀n rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Bí wọ́n ṣe ń tẹ Bíbélì ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́tà kéékèèké, ojú ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì nínú àwọn ìtẹ̀jáde òde òní. Ẹnikẹ́ni kì í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá mi kò ka ìwé kọjá mọ́dà, ojú ìwé bíi mẹ́fà péré ló sì ń lò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn mẹ́fà náà bí ẹní mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ojú ìwé yẹn ni mo ti rí àṣìṣe mi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ará Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ kò fi module wọn jíà. DP ni wọ́n ń lò, ìyẹn iye eyín tó bọ́ sí ínṣì kọ̀ọ̀kan nínú pitch diameter jíà náà. Bí a bá pín 25.4 sí ọ̀nà DP, module tó bá a dọ́gba la ó rí. DP 10 jẹ́ module 2.54. Ẹ tún ìṣirò mi ṣe: 96.2 mílímítà jẹ́ ínṣì 3.787, bí a bá sì pín 38 sí ọ̀nà 3.787, a ó rí 10.03. DP 10 ni! Tuntun rẹ̀ ì bá jẹ́ ínṣì 3.8, ìyẹn 96.52 mílímítà, èyí tó wà lọ́wọ́ mi sì ti fi díẹ̀ jẹ, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kí irin jẹ. Ìṣirò méjèèjì kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Láti ìgbà náà, jíà tí mo bá gbé dání, mo ń ṣe é ní module, mo tún ń ṣe é ní DP, kí n tó sọ̀rọ̀.

Àṣìṣe kejì wà níbẹ̀ tí kálípà lórí ìbú ìta kò lè fi hàn mí. Igun wà tí eyín jíà kan fi ń ti èkejì, òun là ń pè ní pressure angle. Ti òde òní sábà máa ń jẹ́ 20°. Ọ̀pọ̀ jíà àtijọ́ ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 14½°. Bí DP bá bára mu tí igun kò bára mu, eyín méjèèjì á máa jà ni. Bí a ṣe ń dá a mọ̀ rèé, èyí sì ni n kò rí i kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa nínú kíláàsì. Fi ẹnu kálípà gbá eyín mẹ́ta mú papọ̀, kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Gbá eyín mẹ́rin mú, kọ ọ́ sílẹ̀. Yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Ohun tó kù ni base pitch. Fún DP 10 tí igun rẹ̀ jẹ́ 14½°, ó jẹ́ 7.73 mílímítà. Fún DP 10 tí igun rẹ̀ jẹ́ 20°, ó jẹ́ 7.50. Fún module 2.5 tí igun rẹ̀ jẹ́ 20°, ó jẹ́ 7.38. Kálípà tí a rà ní ọjà lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn wá láìsí wàhálà. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé bí eyín bá ti jẹ ní ìwọ̀n kan náà, jíjẹ náà wà nínú ìwọ̀n méjèèjì, ìyọkúrò á sì pa á rẹ́. Nígbà tí a wọn jíà ìyá yẹn, ó sún mọ́ 7.7.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹ wé òwú mọ́ agolo mílíìkì, ẹ so ẹnu bírò mọ́ orí òwú náà, kí ẹ wá máa tú u láìjẹ́ kó dẹ̀. Ọ̀nà tí bírò náà ń fà sórí ìwé ni ìrísí ẹ̀gbẹ́ eyín jíà, tí à ń pè ní involute. Agolo yẹn ni base circle. Bí kálípà bá gbá eyín mú, òwú tí a tú sílẹ̀ yẹn ló ń wọ̀n.

Nígbà tí a ti mọ irú jíà tó jẹ́, ìwé mìíràn ló kàn. Machinery's Handbook á sọ iye fún yín, ṣùgbọ́n kò ní dúró tì yín nídìí ẹ̀rọ. Workshop Technology ti W.A.J. Chapman, tó jẹ́ apá mẹ́ta, ni olùkọ́ tí mo mọ̀ fún ìyẹn. Ẹ wá apá kejì, níbi tó ti sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mílíǹgì àti dividing head. Ìwé àtijọ́ ni, àwòrán rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, àwọn kan nínú yín á sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tó wà nínú àwòrán yẹn gan-an ló wà ní Ṣómólú, nítorí náà ìwé náà kò tíì gbó fún wa.

Dividing head tó wọ́pọ̀ ń fẹ́ kí a yí apá rẹ̀ ní ìgbà 40 kí irin tó yí lẹ́ẹ̀kan. Fún eyín 36, a ó pín 40 sí ọ̀nà 36: ìyípo kan àti ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Lórí òbìrí tó ní ihò 18, ìyẹn jẹ́ ìyípo kan pẹ̀lú àlàfo méjì. Àlàfo ni mo wí o, kì í ṣe ihò. Ihò tí pín wà nínú rẹ̀ kì í sí nínú kíkà. Ẹni tó bá kà á mọ́ ọn á gé eyín títí yóò fi dé ibi àkọ́kọ́, á wá bá ìdajì eyín níbẹ̀. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ti ṣe é rí, bí wọ́n tilẹ̀ sẹ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́tà nìyí, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Fún DP kọ̀ọ̀kan, kọ́tà mẹ́jọ ló wà, nítorí ìrísí eyín ń yí padà bí iye eyín bá ṣe ń pọ̀ sí i. Nínú kọ́tà DP, nọ́ńbà 1 ni fún eyín 135 títí dé jíà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, nọ́ńbà 8 sì ni fún eyín 12 àti 13. Eyín 36 bọ́ sí nọ́ńbà 3, tó wà fún 35 sí 54. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kọ́tà module ni wọ́n kà ní ìdàkejì: nọ́ńbà 1 ni fún 12 àti 13, nọ́ńbà 8 ni fún 135 sókè. Nínú tiwọn, eyín 36 di nọ́ńbà 6. Ẹni tó bá há tábìlì kan sórí tó wá mú nọ́ńbà 3 nínú àpótí kejì ti mú kọ́tà eyín 17 sí 20. Irin á gé dáadáa, kò ní ké, jíà á rẹwà lójú, kò kàn ní bá èkejì rìn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára kọ́tà náà fúnra rẹ̀. Iye eyín máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú bí a ó ṣe gé e jìn tó. Fún DP 10 ti àtijọ́, ó jẹ́ ínṣì 0.2157, bíi 5.48 mílímítà.

Ṣọ́ọ̀bù wo ló wá ní kọ́tà mẹ́jọ fún gbogbo DP àti gbogbo module? N kò tíì rí i. Ohun tí ọ̀gá mi ń ṣe ni pé á pọ́n irin HSS kan ṣoṣo títí yóò fi wọ àlàfo eyín tó ṣì dára lára jíà àtijọ́, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á wo bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín wọn. Ọgbọ́n ojú ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé bí eyín àtijọ́ bá ti jẹ, jíjẹ rẹ̀ ni à ń dà kọ. Ìwé tó jáde nínú wàhálà yìí ni Gears and Gear Cutting ti Ivan Law, tó jáde ní ọdún 1988. Ìwé kékeré ni, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ọwọ́ nílé ló kọ ọ́ fún, kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ó fi hàn bí ènìyàn ṣe lè ṣe kọ́tà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú irin róbótó méjì tí ìwọ̀n wọn àti àlàfo àárín wọn wà nínú tábìlì. Bí owó yín kò bá tó ju ìwé kan lọ, tó sì jẹ́ jíà gan-an lẹ fẹ́ gé, èyí ni kí ẹ rà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa kò ní gbà pẹ̀lú mi.

Shigley wá ń kọ́? N kò sọ pé kí ẹ sọ ọ́ nù. Ìbéèrè tirẹ̀ ló yàtọ̀. Kí ló dé tí eyín mẹ́rin fi kán? Bí a bá gé òmíràn, ṣé kò ní kán ní oṣù mẹ́ta? Wilfred Lewis ló ṣí ọ̀nà ìṣirò yìí ní ọdún 1892 ní Philadelphia: ó mú eyín jíà bíi pákó tí a kàn mọ́ ògiri ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí a wá gbé ẹrù lé ẹnu kejì. Mechanical Engineering Design ti Joseph Shigley, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1963, gbé e dé ibi tí a lè ṣírò bóyá eyín á kán tàbí ojú rẹ̀ á hó. Khurmi àti Gupta ní ìṣirò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ púpọ̀, ó dára fún àṣálẹ́ ọjọ́ ìdánwò, gbogbo wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Groover àti Kalpakjian á jẹ́ kí ẹ mọ gbogbo ọ̀nà tí ayé ń gbà ṣe nǹkan, láti ìdàrin dé ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ẹ yá wọn ní ilé ìkàwé, ẹ má rà wọ́n.

Ibì kan wà tí gbogbo ìwé wọ̀nyí ti fi wá sílẹ̀. Gbogbo wọn gbà pé a mọ orúkọ irin tó wà lọ́wọ́ wa. Irin tí ọ̀gá mi ń rà bọ̀ láti Òwódé Onírin, ṣáàfù ọkọ̀ akẹ́rù ló sábà máa ń jẹ́, kò sì ní ìwé ẹ̀rí kankan lára. Ó ń fi í kan òkúta ẹ̀rọ ìpọ́nrin, ó ń wo iná tó ń ta. Bí iná náà bá ń tú ká púpọ̀ bí ìràwọ̀ ní ẹnu, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀. Bó bá gùn tí kò tú ká, irin rírọ̀ ni. Ẹ lọ dúró tì í kí ẹ wò ó, ojú ló ń kọ́ ọ.

Ẹ ó gbọ́ pé àwọn kan ń gé jíà tó dagun fún Heidelberg. Jíà sílíńdà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sábà máa ń dagun, kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ẹ ó da tábìlì ẹ̀rọ mílíǹgì, tí ẹ ó sì so dividing head mọ́ ọn, iye eyín tí a fi ń yan kọ́tà kì í ṣe èyí tí a kà. A ó pín in sí ọ̀nà cosine igun náà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Eyín 40 tó dagun ní 30° ń béèrè kọ́tà bí ẹni pé eyín 62 ni. Bí ẹ bá sì ṣe é tí kò dára, ìwé fúnra rẹ̀ ló máa tú yín fó. Ìlà dúdú àti funfun á máa yọ lórí ohun tí wọ́n tẹ̀, àlàfo tó wà láàárín ìlà kan àti èkejì á sì bá àlàfo eyín jíà mu. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú mọ ìlà yẹn dáadáa.

Ní ti ríra, ẹ má dúró de ìtẹ̀jáde tuntun Machinery's Handbook. Tábìlì DP kò yí padà, ìtẹ̀jáde tó ti pé ogójì ọdún tó jíà ẹ̀rọ àtijọ́ gé, ìgbà mìíràn ó tilẹ̀ sàn jù nítorí 14½° ṣì gba àyè nínú rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó fún àlòkù. Ẹ ṣí i sí apá jíà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti máa ń ya ojú ìwé lọ.

Ọ̀gá mi gé jíà ìyá yẹn lẹ́ẹ̀kejì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì wọlé láìdún. Èyí tí mo bàjẹ́ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ “2.53” sára rẹ̀, bí ọmọ IT tuntun bá sì dé, òun ló kọ́kọ́ ń gbé lé e lọ́wọ́ pé kó wọ̀n.